Ọba Kì Í Pa Ọ̀kọrin

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi orin bá ìjọba wí bá délẹ̀ láàárín àwọn àgbà Ọ̀tà, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi pa á lówe pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Òwe yìí kì í ṣe àlejò níbẹ̀, nítorí ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré ìbòjú àwọn Yorùbá, ni Ọ̀tà. Lóru Ẹ̀fẹ̀, inú ọjà ni gbogbo ìlú ń pé sí. Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á gbé ère sórí jáde, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, ìyẹn àwọn àgbà obìnrin alágbára, lẹ́yìn náà ni yóò wá tú àṣírí: ìjòyè tó jẹ owó ìlú, baálé ilé tó ń ṣe aṣemáṣe. Àwọn elégbè á gbè é, èrò á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tí orin bá bá wí á dorí kodò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sẹ́ni tí í bi Ẹ̀fẹ̀ léèrè. Lọ́dún 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún ohun àjogúnbá aráyé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àánú ọba ni òwe náà ń sọ. Lójú tèmi, àdéhùn ni. Ohun tí ìjòyè kò jẹ́ sọ lójú ọba, orin ló ń bá a sọ ọ́. Ọba tó bá pa ọ̀kọrin ti fọwọ́ ara rẹ̀ di etí ara rẹ̀. Kò sì síbi tí àdéhùn náà ti ní kí orin dùn mọ́ Kábíyèsí nínú.

Ọgbọ́n wà tí àwọn aláṣẹ fi ń yẹ àdéhùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ Kalakuta, ilé Fela olórin, ní Èkó. Wọ́n lù ú, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú lọ́dún 1978. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Ọba kò pa ọ̀kọrin, ìyá ọ̀kọrin ló lọ. Nígbà tí Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀ lọ́dún 1979, Fela àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé pósí nítorí ìyá náà lọ sẹ́nu ọ̀nà Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba. Ọbásanjọ́ kúrò níbẹ̀, ó wá ń dáko ní Ọ̀tà. Pósí yẹn ti di orin.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ EndSARS, tó ń tako ìwà ipá ọlọ́pàá, fi orin, àwòrán àti àsíá dí ẹnu ibodè Lẹkí ní Èkó. Ní alẹ́ ọjọ́ 20, ìbọn dún. DJ Switch, olórin tó ń fi fóònù gbé e jáde lórí Instagram, sá kúrò nílùú. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ilé ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àwọn ọ̀dọ́ òde òní kì í júbà, èébú lásán ni wọ́n mọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn orin mìíràn kò ní ju èébú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni Ẹ̀fẹ̀ ń júbà fún, kì í ṣe olè tó fẹ́ tú àṣírí rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe kásúà ní iléeṣẹ́ kan l'Átàn, nítòsí Ọ̀tà, tí ọ̀kadà ń gbé fo kòtò tí tírélà gbẹ́ sójú títì láàárọ̀ àti lálẹ́, ta ni kó júbà fún?

Eedris Abdulkareem olórin ti rí ìbínú ọba sójú. Lọ́dún 2004, Ọbásanjọ́ tó ti padà di ààrẹ bínú sí orin rẹ̀, "Jaga Jaga", wọn kò sì jẹ́ kí rédíò gbé e mọ́. Ó dun àpò olórin gidi nígbà náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tún kọ̀wé pé kí iléeṣẹ́ rédíò kankan má gbé "Tell Your Papa" sáfẹ́fẹ́, orin tó fi ní kí Ṣèyí bá òun sọ fún bàbá rẹ̀, Ààrẹ Tinúbú. Àwọn tó ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì ní Sàngó Ọ̀tà kò kúkú gbọ́kàn lé rédíò tẹ́lẹ̀. Ìwé NBC yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ pé irú orin bẹ́ẹ̀ wà.