Kókó Ìdí Ọpọlọ Ọmọdé: Kì í Ṣe Ọwọ́ Ayé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, bàbá kan tí ń ta aṣọ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni àwọn dókítà sọ pé kókó wà ní ìdí ọpọlọ rẹ̀. Ẹnì kan ti wá sọ fún wọn pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí oògùn rẹ̀, àti pé bí wọ́n bá lè tètè kó owó sílẹ̀, òun mọ ọ̀nà tí òun yóò gbà rà á wá. Bàbá náà bi mí pé, "Àfáà, ṣé kí a ta ṣọ́ọ̀bù?" Mo ní kí ó fún mi ní àyè kí n wádìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí yóò bá.

Òótọ́ ni ìròhìn náà, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò kún òṣùwọ̀n ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù August, 2025, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe àbójútó oògùn, èyí tí à ń pè ní FDA, fi àṣẹ sí oògùn kan tí ń jẹ́ dordaviprone, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Modeyso. Wọ́n fi àṣẹ sí i fún àgbà àti fún ọmọdé tí ó ti pé ọdún kan, tí irú kókó búburú kan wà ní àárín gbùngbùn ọpọlọ rẹ̀, tí àmì kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní H3 K27M wà nínú kókó náà, tí a sì ti tọ́jú rẹ̀ ṣáájú ṣùgbọ́n tí kókó náà tún ń dàgbà sí i.

Ẹ̀yin olówò, ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ènìyàn 50 ni wọ́n fi wọn agbára oògùn náà. Nínú wọn, ènìyàn 11 ni kókó wọn súnkì, èyí já sí 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ìdajì àwọn mọ́kànlá wọ̀nyí, ìsúnkì náà kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lọ kí kókó tó tún gbérí. Ohun tí ẹni tí ó mú ìròhìn wá kò sì sọ fún bàbá aláṣọ ni pé a kò ka àwọn tí kókó wọn wà ní ibi tí ti ọmọ yẹn wà gan-an mọ́ àwọn 50 náà. Àṣẹ tí ìjọba fi sí i pàápàá, àṣẹ àfiyára ni; àwọn tí ó ṣe oògùn náà ṣì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí sí i wá.

A kì í fi etí ra ọjà. Ìrètí wà nínú oògùn náà, a kò sì gbọdọ̀ kẹ́gàn ohun tí Ọlọ́hun fi ń ran ẹ̀dá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìwòsàn ti dé, tí ó sì ń na ọwọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ẹkún ń sun, olùdín-òṣùwọ̀n ni. Gbogbo yín ni ẹ sì mọ ìkìlọ̀ tí ó wà fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù.

Kí ni àìsàn yìí gan-an? Ibi tí ọpọlọ ti sọ̀kalẹ̀ wá pàdé mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn, lápá ìpàkọ́, ni ìdí ọpọlọ. Kò tóbi, bí àtàǹpàkò àgbàlagbà ni ó rí, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà ni ó gba ibẹ̀ kọjá: èémí tí à ń mí, oúnjẹ tí à ń gbé mì, ojú tí à ń yí, ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn. Àárín rẹ̀ ni àwọn dókítà fún ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí afárá. Kókó tí ó burú jù nínú afárá yìí ni wọ́n ń pè ní DIPG, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ni ó sì sábà máa ń mú. Kì í jókòó lọ́tọ̀ bí kóró èso tí a lè yọ; ó pò mọ́ ara tí ó dára bí iyọ̀ ti ń pò mọ́ ọbẹ̀, nítorí náà ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ kò lè kó o kúrò. Ìtànṣán tí à ń tàn sí i fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìtọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ a tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣeré, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kókó náà a padà dé. Nínú ọmọ mẹ́wàá, nǹkan bí ẹyọ kan ni ó ń lò tó ọdún méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí mú yín sọ ìrètí nù nígbà tí ẹ kò tíì mọ irú èyí tí ó jẹ́. Òmíràn wà tí ó ń rọra dàgbà. Òmíràn yọ sí ìta, tí oníṣẹ́ abẹ lè gé púpọ̀ nínú rẹ̀. Òmíràn wà lápá òkè tí ó jẹ́ pé omi tí ó sé mọ́ inú orí ni a óò kàn la ọ̀nà fún, tí ọmọ yóò sì dàgbà. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti lé ní ogún ọdún, èyí tí ń rọra rìn pọ̀ ju ti ọmọdé lọ, ọ̀pọ̀ wọn a sì lo ọdún púpọ̀. Hàntú kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, àgbo kò lè fi hàn. Fọ́tò inú orí tí ẹ̀rọ MRI ń yà ni ó ń fi í hàn.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Gbogbo ayé ni ó mọ Neil Armstrong, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní oṣù July, 1969. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó ní ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Karen. Ní 1961, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún méjì, ó ṣubú níbi tí ó ti ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ kò dúró lójú kan mọ́. Kókó inú afárá ọpọlọ ni. Wọ́n tan ìtànṣán sí i, ó tún rìn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù January, 1962. Bàbá tí yóò dé òṣùpá kò rí ọ̀nà gbà gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé orogún tàbí ìyá ọkọ ni ó wà nídìí rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà?

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ọwọ́ mi kò mọ́ pátápátá. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí ìyá kan tí ń ta ata gbé ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá bá mi. Ojú ọmọ náà kan ń wo apá imú, ó ń fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó lè wo ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ́ ọ lọ sí òsì bí ẹni tí ó mu ọtí. Mo kọ hàntú ọjọ́ méje fún un; nígbà tí kò sàn, mo kọ ti ọjọ́ mọ́kànlélógún. Wọ́n bi mí bóyá ọwọ́ ayé ni. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kàn mirí, mo dákẹ́. Ìdákẹ́ mi yẹn ni wọ́n gbé lọ sílé. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti pe ìyá bàbá ọmọ náà ní àjẹ́, ó sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí oko.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn ńlá, fọ́tò fi kókó hàn. Ọmọ náà kú ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà. Dókítà sọ fún mi pé bí a tilẹ̀ tètè gbé e wá, irú kókó yẹn kì bá tí jẹ́ kí ó dàgbà. Èyí kò tù mí nínú. Ìyá àgbà náà kò padà sí agboolé yẹn mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kú, wọn kò sì jẹ́ kí ó bá wọn sunkún rẹ̀. Ohun tí fọ́tò kan ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn baba wa a máa wí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ẹ jẹ́ kí á gbé òwe yìí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mọdínà. Ibrahim, ọmọ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kú ní ọmọ ọwọ́. Ànábì sunkún rẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an oòrùn ṣókùnkùn, àwọn ènìyàn sì ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń wá ògo ni, ì bá dákẹ́ bí mo ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó jáde, ó sì là á mọ́ wọn lọ́yẹ pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni tàbí nítorí ìbí rẹ̀. Pé ohun méjì pàdé ní ọjọ́ kan kò sọ ọ̀kan di ìdí èkejì. Ní 2012, àwọn onímọ̀ rí àṣìṣe kékeré tí ó ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn kókó afárá yìí, àmì H3 K27M tí mo dárúkọ lókè. Inú ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ tí ìyá jẹ, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bàbá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ojú ọmọ tí ó ti ń gún régé bá ṣàdédé yà, tí ó ní òun ń rí ohun kan ní méjì, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, tí ó ń ṣubú lójú ọ̀nà tí ó mọ̀, tàbí tí orí ń fọ́ ọ tí ó sì ń bì ní òwúrọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Kì í ṣe ojú òkun nìkan ni ìmọ̀ wà. Ní 1962, ọdún tí Karen kú, ni Dókítà Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, padà dé sí UCH ní Ìbàdàn láti dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà sì ń lọ títí di òní. Ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun tí ó ní ẹ̀rọ ìtànṣán ṣí ní 2019.

Ẹ̀yin àfáà ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣe àdúrà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àdúrà bá ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó má ṣe dá a dúró. Bí wọ́n bá sì bi yín nípa ọwọ́ ayé, ẹ má ṣe mirí. Ẹ̀yin ìjọ, sàdáàkà tí ó san owó ọkọ̀ àti owó fọ́tò fún aláìsàn níye lórí ju ti àsè òkú rẹ̀ lọ.

Mo padà lọ bá bàbá aláṣọ. Mo ní, "Ẹ má ṣe ta ṣọ́ọ̀bù fún ẹni tí ó wá bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan ìtànṣán sí ọmọ náà. Ẹ bi dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ nípa oògùn tuntun náà fúnra yín. Bí oṣù díẹ̀ bá sì ni Ọlọ́hun fi ta á lọ́rẹ, ẹ jẹ́ kí ó lò ó láàárín ìyá, bàbá àti ìyá àgbà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú ọ̀tá wo ẹnìkejì." Ó sunkún, èmi náà sì sunkún.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn ọmọ wa sàn, kí ó fún àwọn tí a gbà lọ́wọ́ wọn ní sùúrù, kí ó sì dárí àwọn ìdákẹ́ wa jì wá. Àmín.