«Madame, kí ni ẹ ó máa wò lára wa?»

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí a lu agogo ọ̀sán, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì quatrième dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́. Mo ní kó wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ó ní: «Madame, ẹ jọ̀wọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yan ẹgbẹ́ náà, kí ni ẹ ó máa wò lára wa?»

Ẹgbẹ́ tí ó ń sọ, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ni ẹgbẹ́ agbaniníyànjú tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Bantè fẹ́ dá sílẹ̀: ọmọ 16 tí yóò máa jó, tí yóò máa kọrin, tí yóò máa fi ariwo gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ró nígbà tí a bá lọ bá ilé-ẹ̀kọ́ kan díje ní Savalou. Àwọn ọmọ ń pè é ní pom-pom girls nítorí fíìmù tí wọ́n ń wò lórí fóònù. Àwọn òbí ń pè é ní majorettes nítorí àwọn ọmọbìnrin tí ń ju ọ̀pá níwájú àwọn afunfèrè. Ohun méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n n kò ní í fi ìyẹn dá yín dúró. Èmi àti olùkọ́ méjì mìíràn ni wọ́n ní kí a yan àwọn ọmọ, àwọn tó sì ti forúkọ sílẹ̀ lé ní 40.

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ojú tì mí, nítorí mo rántí ohun kan.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ibòmíràn, a ti yan irú ẹgbẹ́ báyìí rí. Ogún ìṣẹ́jú ni a fi ṣe é. A wo ẹni tó ga, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tí aṣọ rẹ̀ dára, ẹni tí a mọ bàbá rẹ̀. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó sanra díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń la pápá já láti òpin kan dé èkejì. A kò pe orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, ìwé dókítà ló ń mú wá ní gbogbo ọjọ́ EPS, títí tó fi parí troisième. Èmi gan-an ni mo ka orúkọ àwọn tí a yàn sókè.

Mo sọ fún ọmọ quatrième náà pé kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó láti wá ohun tí n ó sọ.

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ijó àwọn arẹwà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1898, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn ti ń pàdánù léraléra, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Johnny Campbell jáde síwájú àwọn òǹwòran, ó sì darí ariwo wọn kí gbogbo rẹ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkùnrin ló ń ṣe é nígbà náà. Ó di nǹkan bí ọdún 1923 kí àwọn obìnrin tó wọ inú rẹ̀ ní Minnesota yìí kan náà, ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì kó àwọn ọkùnrin lọ ni ó wá di iṣẹ́ obìnrin. Eisenhower, tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun West Point, George W. Bush náà ṣe é nígbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 2021 ni ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé fọwọ́ sí àjọ rẹ̀ pátápátá. Bàbá kan tó sọ fún mi lọ́jà pé iṣẹ́ àwọn ọmọ tí kò ní láárí ni, òun ni mo ń bá wí níbí yìí, ó sì mọ ara rẹ̀.

Ohun tí Campbell ṣe, àwa ní orúkọ fún un kí a tó bí i. Ẹnì kan lé orin, àwọn yòókù gbè é. Ọmọ Bantè wo ni kò tíì gbe orin níbi ìgbéyàwó tàbí níbi òkú àgbà? Ẹni tó bá mọ orin í gbè, tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun wọlé àti ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́, ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ìdajì yòókù ni a níláti fi ara ṣe, ibẹ̀ ni n ó sì ti pẹ́ díẹ̀.

Ohùn ni àkọ́kọ́. Ohùn tó bá ti ọ̀fun nìkan wá yóò há kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn, ẹ mí sínú títí ọwọ́ yóò fi sún síwájú, kí ẹ wá ka oókan dé ogún lórí èémí kan ṣoṣo. Ẹ ti gbọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń pe ọmọ láti inú oko kajú: wọn kì í na ọrùn, wọn kì í ki ojú pọ̀, ọmọ sì ń gbọ́. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni a ń wá. Bí ohùn bá ti há, ẹ fún un ní ìsinmi ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn, tí kò sí nínú fíìmù kankan. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ dánra wò, wọ́n mú orin Faransé kan, wọ́n fi Yorùbá sí i. «Ẹ gbá a wọlé!» ni wọ́n fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n orin náà wà nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó wà lókè, ohun tí àwa tí a jókòó lábẹ́ igi máńgòrò sì gbọ́ ni «Ẹ gbà á wọlé!» Ẹ wo ọmọ 40 tí ń fi gbogbo agbára bẹ gardien tiwọn pé kó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé! A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo wá sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà lẹ́nu lásán, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n tó wá àtẹ́wọ́ àti ìlù tó bá a mu. Ọ̀rọ̀ ni kó ṣíwájú, kí orin tẹ̀lé e.

Ní ti fífò, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń bọ̀ wálẹ̀ ni kí ẹ fi ara balẹ̀ kọ́. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi balẹ̀, kí orúnkún tẹ̀, kí ilẹ̀ má fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ yín. Nígbà tí Lawrence Herkimer ṣí àgọ́ ìkọ́ni rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Texas ní ọdún 1948, ọmọbìnrin 52 àti ọmọkùnrin kan ló wá. Kò sí ẹni tí a bí iṣẹ́ yìí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní í gun èjìká ẹnìkejì ní pápá wa. Ilẹ̀ pupa líle ni, a kò ní tìmùtìmù, àwọn tó sì ń ka ìpalára ní Amẹ́ríkà ti rí i pé inú eré yìí ni àwọn ọmọbìnrin ti ń fara pa jù lọ lọ́nà tó burú. Ẹ fi òkìtì ènìyàn yẹn sílẹ̀ fún fóònù.

Ìyá kan wá bá mi nítorí BEPC. «Madame, ẹ má bínú, ṣé ijó ni yóò kọ sínú ìwé ìdánwò?» Mo ní: «Ìyá wa, rárá o.» Ọ̀sán Ọjọ́rú nìkan ni a ó máa dánra wò, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀ yóò dúró díẹ̀ ná. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì gbà.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni àwọn tí a kò ní í yàn. Ní ọdún 2017, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, wọn kò mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan sínú ẹgbẹ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Inú bí i, ó kọ èébú sórí Snapchat, ilé-ẹ̀kọ́ sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kékeré fún ọdún kan. Ẹjọ́ náà gun òkè títí dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, níbi tí adájọ́ 8 nínú 9 ti dá a láre ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Èmi kò yin èébú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní eré lásán ni, kó wo ibi tí ìbínú ọmọ kan dé.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà padà wá pẹ̀lú ìwé àti bíìkì. Mo sọ ohun tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fohùn ṣọ̀kan lé lórí fún un: kí a gbọ́ ọ láti ojú ilé bọ́ọ̀lù kejì, kí ó lè gbe orin láì pàdánù àmì àti ìlù, kí ó mọ bí a ti ń balẹ̀. Lẹ́yìn náà, láàárín ìdánwò, ọ̀kan nínú wa yóò kígbe pé wọ́n ti jẹ wá ní gólì mẹ́ta sí òdo, a ó sì wo ẹni tí yóò ṣì máa kọrin. Gíga kò sí níbẹ̀, títẹ́ẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀, orúkọ bàbá kò sí níbẹ̀. Ẹni tí a kò bá mú yóò gbọ́ láti ẹnu mi, lójúkojú, èwo ló kù fún un àti ìgbà tí a ó tún gbọ́ ọ.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè bóyá òun lè fi èyí han àwọn yòókù. Mo ní kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí ìwé náà ti wà lára ògiri, ọmọkùnrin méjì ti forúkọ sílẹ̀.