Ọ̀dà tí wọ́n ń kùn bo ìpẹtà ríìmù kò pé oníṣòwò

Ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì àti oníléèwé tó ń lo bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ ló gbà pé kíkun ríìmù kò ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Wọ́n á pe pẹ́ńtà, ẹni yẹn á fi bébà bo táyà, á fín ọ̀dà sílífà sórí ìpẹtà, ó parí. Kí òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀dà ti ń ṣí. Owó ti wọgbó.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni iṣẹ́ gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó yọ táyà kúrò pátápátá, nítorí ìpẹtà etí ríìmù tí táyà jókòó lé máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ jò. (Awakọ̀ tó ń fẹ́ táyà láràárọ̀, tó ń bú fọkanáísà, kó yẹ ibẹ̀ wò.) Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha á títí irin yóò fi hàn, kí wọ́n fọ ọ̀rá kúrò, kó gbẹ, kí wọ́n tó kun práímà. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó ki lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe jàǹbá jù ni ojú ihò nọ́ọ̀tì. Ọ̀dà tó ki níbẹ̀ máa ń fọ́ bí mọ́tò bá ń rìn, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó kó ọmọ iléèwé ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣeré! Kí wọ́n má ṣe kun ibẹ̀, kí wọ́n sì tún nọ́ọ̀tì dè lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà.

Ríìmù tó bá ti là ńkọ́? Pẹ́ńtà tó rí i tó fi ọ̀dà bò ó, ewu ló ń tà fún oníbàárà. Kí onímọ́tò ra òmíràn, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó sanwó.