Ọgbà Ilé: Igi Sípírẹ́sì Inú Àwo, àti Gbòǹgbò Tí Ó Yí Ara Rẹ̀ Po

Nínú abala Ọgbà Ilé ti oṣù yìí, ọ̀rọ̀ igi kan ni a fẹ́ bá yín sọ, igi tí a lè rà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun ọ̀gbìn, kí a sì gbìn ín sínú àwo pẹrẹsẹ kan, kí ó máa dàgbà lójú wa àti lójú àwọn ọmọ wa fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bald cypress ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Àwọn ará Ìlú Ọba ń pè é ní swamp cypress. Taxodium distichum ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ní tiwa, a ó máa pè é ní sípírẹ́sì. Iṣẹ́ títọ́ igi sínú àwo bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Jàpáàn ń pè ní bonsai, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò sì ju ohun tí a gbìn sínú àwo lọ.

Irà àti etí odò ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ilé sípírẹ́sì: Louisiana, Florida, Georgia, Carolina méjèèjì, títí dé apá kan Texas. Ní ọdún 1963 ni Louisiana fi í ṣe igi ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ a máa fẹ̀ bí ìdí àràbà, gbòǹgbò rẹ̀ a sì máa yọ sókè láti inú ẹrẹ̀ bí eékún ènìyàn. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Létí Black River ní North Carolina, àwọn onímọ̀ ka òrùka inú igi kan, wọ́n sì kéde ní ọdún 2019 pé ó ti lo ọdún 2,624 láyé, ó kéré tán. Ẹ̀yin ará Houston àti Dallas lè mú àwọn ọmọ lọ wo igi náà nínú omi ní Caddo Lake, ní ààlà Texas àti Louisiana. Ẹ̀yin ará London yóò rí i létí omi ní Bushy Park, nítorí láti nǹkan bí ọdún 1640 ni wọ́n ti mú irú igi yìí wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ yín lè kọ́kọ́ bi yín pé: “Mọ́mì, ṣé kì í ṣe ìyà ni a fi ń jẹ igi yìí, tí a ń gé gbòǹgbò rẹ̀, tí a sì fi sínú àwo kékeré?” Ẹ má ṣe fọwọ́ rọ́ ìbéèrè náà sẹ́yìn, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ yìí. Igi tí ó bá ti pẹ́ nínú ike lọ́dọ̀ àwọn tí ń tà á kò rí ibi na gbòǹgbò sí. Bí gbòǹgbò bá kan ara ike, yóò yí. Bí ó bá tún kan án, yóò tún yí, títí yóò fi di òṣùká. Bí gbòǹgbò wọ̀nyí bá ti ń sanra, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara wọn lọ́rùn, wọn a sì fún ìdí igi pẹ̀lú. Bí a tilẹ̀ gbé irú igi bẹ́ẹ̀ lọ gbìn sí ilẹ̀ gbalasa láìtú òṣùká náà, yíyí ni gbòǹgbò yóò máa yí síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí àánú igi ṣe, tí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni ó ṣe é ní ibi.

Bí a bá sì fẹ́ ẹ̀rí pé igi inú àwo kì í ṣe ẹrú, kí a wo Washington. Ní ọdún 1976, ìlú Jàpáàn fi igi bonsai 53 ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni igi páìnì funfun ti ìdílé Yamaki, tí wọ́n ti ń tọ́ láti ọdún 1625. Ní Hiroshima ni igi náà wà ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945, nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ sórí ìlú náà. Ògiri ọgbà dáàbò bò ó, ó sì yè. Ó wà ní Washington títí di òní, ọwọ́ ìran kan ni ó ti bọ́ sí ti ìran kejì. Igi tí a ń fi ìyà jẹ kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ ra igi. Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má ṣe wo gíga rẹ̀, nítorí orí igi ṣeé gé, ó sì ṣeé tọ́ padà. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ fi ìka tú yẹ̀pẹ̀ òkè díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìdí náà fẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, tí gbòǹgbò sì tàn yí i ká bí ìtànṣán oòrùn. Igi tí ìdí rẹ̀ tóbi, tí ó sì ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ sókè, ni ẹ fẹ́. Èyí tí ó gùn gbọọrọ bí ọ̀pá, tí ìdí àti orí rẹ̀ rí bákan náà, yóò gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tó dára.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má ṣe yára mú ayùn. Àsìkò ni ọba iṣẹ́ yìí. Ìparí ìgbà òtútù, nígbà tí ojú èéhù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú ṣùgbọ́n tí ewé kò tíì là, ni àkókò tí a ń pààrọ̀ ilé igi. Ní Louisiana àti Houston, oṣù kejì ni ó sábà máa ń bọ́ sí. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, ó lè di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹ wo igi ju kàlẹ́ńdà lọ. Bí ẹ bá rà á nígbà ooru, ẹ fi sínú ike rẹ̀, kí ẹ máa bomi rin ín títí àkókò yóò fi tó.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ kó ohun èlò jọ ṣáájú: ayùn kékeré, àlùmọ́gàjí tí ó mú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun, wáyà, nẹ́ẹ̀tì, àti ìgò tí a fi ń fọ́n omi. Ibòji ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti le. Ẹ yọ igi kúrò nínú ike. Ẹ fi ayùn gé ìdajì ìsàlẹ̀ òṣùká gbòǹgbò náà kúrò; sípírẹ́sì tí ara rẹ̀ le yóò fara dà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya ìyókù bí ìgbà tí a ń ya irun ọmọbìnrin, láti ìdí igi lọ sí ẹ̀yìn, pẹ̀lú sùúrù. Gbòǹgbò ńlá tí ó bá yí po, ẹ gé e. Èyí tí ó bá ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀, ẹ gé e kúrú. Àwọn wẹ́wẹ́ tí ó dà bí òwú, ẹ dá wọn sí, nítorí àwọn ni ń mu omi. Ẹ yan ọmọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ fífọ́n omi sí gbòǹgbò nígbà gbogbo, kí ó má ṣe gbẹ. Gbòǹgbò tí ó gbẹ ń pa igi ju gbòǹgbò tí a gé lọ.

Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú ihò àwo kí yẹ̀pẹ̀ má baà jò. Yẹ̀pẹ̀ tí a ó lò kò gbọdọ̀ jẹ́ ti inú ọgbà lásán. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ó fúyẹ́, irú èyí tí ń tú jáde láti inú òkè oníná, pẹ̀lú èèpo igi páìnì tí a fọ́ wẹ́wẹ́, ni ó dára; kí ẹ sì fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ kí ekuru inú rẹ̀ lè kúrò. Ẹ gbé igi lé e, ẹ fi wáyà tí a kì bọ inú ihò àwo so ó mọ́lẹ̀ ṣinṣin, nítorí igi tí ń mì kò lè ta gbòǹgbò tuntun. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún yẹ̀pẹ̀ wọ àárín gbòǹgbò kí àyè òfìfo má ṣe kù. Ní ìparí, ẹ da omi sí i títí omi tí ń jáde nísàlẹ̀ yóò fi mọ́.

Fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin sí mẹ́fà, kò sí ajílẹ̀, kò sì sí gígé mìíràn. Ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìjì àti yìnyín. Bí ó bá wù yín láti gé orí rẹ̀ kúrú, ẹ jẹ́ kí ọdún kan kọjá láàárín iṣẹ́ gbòǹgbò àti iṣẹ́ orí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà ooru, omi ni ìgbádùn sípírẹ́sì. Ojoojúmọ́ ni a ń bomi rin ín, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, a sì lè gbé àwo rẹ̀ sínú abọ́ omi. Ẹ ṣáà máa dá omi abọ́ náà nù déédéé, kí ẹ̀fọn má ṣe yé sí i. Ní ìlú tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ ní ẹfun púpọ̀, bíi London, ewé lè máa pọ́n rúsúrúsú. Omi òjò tí a gbè sínú àgbá ni ó sàn jù fún un. Ìta gbangba, nínú oòrùn, ni ibùgbé rẹ̀. Kì í ṣe igi pálọ̀ rárá.

Apá òkè igi yìí ní agbára ju apá ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ máa rẹ́ òkè léraléra, kí ẹ sì fi ẹ̀ka ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí ó sanra. Bí ẹ bá fi wáyà tẹ ẹ̀ka sí ibi tí ẹ fẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, nítorí igi náà a máa yára sanra, wáyà a sì jẹ wọ inú èèpo rẹ̀. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Igi tí ó ṣì kéré, ẹ máa pààrọ̀ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ní ọdún kan tàbí méjì sí ara wọn.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, ewé sípírẹ́sì yóò pọ́n bí ìpẹtà irin, gbogbo rẹ̀ yóò sì já sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn Òyìnbó fi pè é ní apárí. Àìmọye igi bẹ́ẹ̀ ni a ti gbé jù sórí ààtàn nínú oṣù kìíní, tí olówó wọn rò pé wọ́n ti kú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìrókò àti àràbà ti ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka kékeré kan. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀, igi yín wà láàyè, oorun ni ó ń sùn. Níbi tí òtútù ti pọ̀ gan-an, bíi Chicago tàbí Toronto, ẹ gbé e sínú gáréèjì tí a kì í yá ooru sí, kí ẹ máa fún un ní omi díẹ̀ kí yẹ̀pẹ̀ má baà gbẹ.

Kí ni gbogbo èyí kàn wá gẹ́gẹ́ bí òbí? Iṣẹ́ ọwọ́ ní èdè tirẹ̀. A ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ fún un: a ń gé ẹ̀ka, a ń rẹ́ ewé, a ń bẹ́ orí igi. A ń bomi rin igi, a ń wọ́n omi sí ewé, a ń da omi nù. Ọmọ tí a bá jókòó tì tí a ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí ẹni ń ṣe ìdánwò yóò sá. Èyí tí ìgò omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń sọ pé, “Wọ́n omi sí i, ó ti ń gbẹ,” yóò gbọ́, yóò sì ṣe é. Ọmọ tí ojú ń tì láti sọ Yorùbá níwájú àlejò kì í tijú láti sọ ọ́ níwájú igi. Bí ó bá sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yín fi ń dá yín lóhùn láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ má ṣe tíì sọ pé èdè ti kú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ síbẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ èèpo.

Bí ọmọ ọdún 9 bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lónìí, yóò ti bá yín pààrọ̀ ilé igi náà tó ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó gba yunifásítì lọ. Lọ́jọ́ tí ó bá ń lọ, ẹ ó bi í léèrè ẹni tí yóò máa bomi rin ín.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ohun tí a gbìn yè, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ èso rẹ̀. Àṣẹ.