Ẹni tó ni ọ̀ràn ló ni ẹ̀rín: Ibi tí fíìmù ‘Snatched’ ti kùnà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀ràn tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ẹ̀yìn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò: ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí ló ni ẹ̀rín. Bí àlejò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀fọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òwe ló ń pa. Ibi tí fíìmù Amẹ́ríkà kan tí wọ́n pè ní ‘Snatched’ ti ṣi ẹsẹ̀ gbé gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, ọdún 2017 ni fíìmù náà dé àwọn ilé sinimá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣe àyájọ́ ọjọ́ àwọn ìyá lọ́hùn-ún. Katie Dippold ló kọ ìtàn náà, Jonathan Levine sì ni olùdarí. Amy Schumer ló ṣe Emily, ọmọbìnrin tó ti san owó ìsinmi ẹni méjì sí orílẹ̀-èdè Ecuador kí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó já a jù sílẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé wọn kò ní dá owó náà padà, tí kò sì rí ẹni tí yóò bá a lọ, ó fa ìyá rẹ̀, Linda, lọ́wọ́ dání. Goldie Hawn ló ṣe Linda, ìyá tí ohun gbogbo ń bà lẹ́rù. Ọkùnrin arẹwà kan tí Emily pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì ló tàn wọ́n jáde pé àwọn ń lọ ṣe fàájì. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, àwọn ajínigbé ti gbé wọn, wọ́n sì ti gbé wọn ré ẹnubodè kọjá sí Colombia. Láti ibẹ̀ ló ti di sísá nínú igbó, ìbọn ń dún, òǹwòran sì ń rẹ́rìn-ín.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé fíìmù náà kò ní ohun tó dára nínú. Goldie Hawn, tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní ọdún 1970, kò kópa nínú fíìmù kankan láti ọdún 2002 títí di ìgbà yìí. Ẹni ọdún 71 ni nígbà tó padà dé, kò sì sí ẹni tó wò ó tí yóò sọ pé ó ti gbàgbé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ inú rẹ̀ dùn ún wò. Ọmọ ń fi ìbẹ̀rù ìyá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí ọ̀ràn dé ló wá mọ̀ pé ohun tí àgbà jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ìyá tó máa ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan pé ‘ṣé o ti dé?’ yóò rí ara rẹ̀ nínú Linda.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìyá yìí àti ọmọ rẹ̀ nìkan ni fíìmù náà kà sí èèyàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Colombia tó hàn níbẹ̀, ajínigbé ni wọ́n tàbí ọmọ iṣẹ́ ajínigbé. Lóòótọ́, àwọn ará abúlé kan ran ìyá àti ọmọ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kàn yọjú ni, wọ́n sì kọjá lọ. Ọmọ ilẹ̀ Spain ni Óscar Jaenada tó ṣe Morgado, olórí àwọn ajínigbé. Hawaii tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ya púpọ̀ nínú fíìmù náà. Orúkọ Colombia nìkan ni wọ́n yá lò, ó sì ti dọ̀tí kí wọ́n tó dá a padà.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ará Colombia gan-an ni ìjínigbé jẹ níyà jù lọ. Ọjọ́ 23, oṣù kejì, ọdún 2002 ni ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ FARC jí Ingrid Betancourt gbé, ẹni tó ń du ipò ààrẹ nígbà náà. Ó lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́fà nínú igbó. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá rẹ̀, Yolanda Pulecio, ń bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kò lè dá a lóhùn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun dọ́gbọ́n gba Betancourt àti àwọn 14 mìíràn sílẹ̀ ní ọjọ́ 2, oṣù keje, ọdún 2008, ìyá yẹn wà ní pápákọ̀ òfuurufú tó dì mọ́ ọn. Clara Rojas tí wọ́n jọ jí gbé bímọ sínú igbó ní ọdún 2004. Wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì pé ọdún kan, kò sì fojú kàn án mọ́ títí di oṣù kìíní, ọdún 2008.

Irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè náà là kọjá. Ní ọdún 2000, iye àwọn tí wọ́n jí gbé níbẹ̀ lé ní 3,000. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 200. Oṣù kọkànlá ọdún 2016 yìí kan náà ni ìjọba àti FARC fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ tí ‘Snatched’ fi jáde. Kì í ṣe pé ìjínigbé ti tán pátápátá níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2023, ẹgbẹ́ ELN jí bàbá Luis Díaz gbé, nígbà tí Díaz ń gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool, ọjọ́ 12 ni bàbá náà sì lò lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ará Colombia náà ló tún jẹ ìyà yẹn, kì í ṣe àlejò tó wá ṣe ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2009, fíìmù ‘District 9’ fi àwọn ọmọ Nàìjíríà hàn bí ọ̀daràn paraku. Olóògbé Dora Akunyili, tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá má fi í hàn mọ́, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ Sony tọrọ àforíjì. Ẹni tí irú ẹ̀sín bẹ́ẹ̀ dùn kò yẹ kó máa pàtẹ́wọ́ nígbà tó bá kan ẹlòmíràn. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Àwọn ìyá Chibok, níbi tí wọ́n ti jí 276 ọmọbìnrin gbé ní oṣù kẹrin, ọdún 2014, mọ ohun tí ojú Yolanda Pulecio rí.

Àwọn kan yóò sọ pé eré lásán ni, pé kò sí ohun tí wọn kì í fi ṣe àwàdà. Wọn kò jayò pa. Àwọn èrò ọkọ̀ ní Nàìjíríà náà máa ń fi ọ̀rọ̀ ajínigbé dá àpárá kí ẹ̀rù má baà pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé ọ̀la lè kan òun yàtọ̀ sí ẹ̀rín ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Ká ní ‘Snatched’ jẹ́ kí Linda pàdé ìyá ará Colombia kan ṣoṣo lójú ọ̀nà, tí òun náà ń wá ọmọ tirẹ̀, ẹ̀rín kò ní dín kù. Òǹwòran ì bá sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ju ẹ̀rín lọ.

Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí fún àwọn tó ń ṣe fíìmù nílé, nítorí ọ̀rọ̀ ìjínigbé ti wọ inú eré tiwọn náà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Kí wọ́n ṣáà má fi ìwà ọ̀daràn kan kun odindi ẹ̀yà kan lójú, kí wọ́n má sì gbàgbé pé àwọn ẹ̀yà náà ní ìyá tí kì í sùn títí ọmọ rẹ̀ yóò fi wọlé.