Jàmáíkà ń fi rẹ́gè yangàn, àmọ́ ojú àwọn Rasta rí tó

Ẹni tó ń jẹ ẹyin kò mọ̀ pé ìdí ń ro adìyẹ. Òwe yìí ló bá ọ̀rọ̀ orin rẹ́gè àti àwọn ẹlẹ́sìn Rasta mu ní orílẹ̀-èdè Jàmáíkà. Nínú oṣù kọkànlá, ọdún 2018, ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà, ka rẹ́gè mọ́ àwọn àjogúnbá tí kò gbọdọ̀ parun láyé. Ìjọba Jàmáíkà fúnra rẹ̀ ló béèrè fún iyì náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn tó fún orin ọ̀hún lẹ́mìí kì í ṣe kékeré.

Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 1930, ni wọ́n dé Ras Tafari Makonnen ládé ní Etiópíà, tó sì ń jẹ́ Haile Selassie. Abẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Jàmáíkà wà nígbà náà. Àwọn tálákà aláwọ̀ dúdú, tí Marcus Garvey ti wàásù fún pé kí wọ́n yíjú sí Áfíríkà, ilẹ̀ baba wọn, gbà pé àsọtẹ́lẹ̀ inú Bíbélì ló ṣẹ. Leonard Howell ní ọba yìí ló yẹ kí èèyàn dúdú máa sìn, kì í ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1934, ilé ẹjọ́ ní ó ń dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Òmìnira ọdún 1962 kò tún nǹkan ṣe fún wọn. Nínú oṣù kẹrin, ọdún 1963, ìjà tó ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Coral Gardens, nítòsí Montego Bay. Èèyàn mẹ́jọ kú, àwọn ọlọ́pàá sì wà nínú wọn. Dípò kí ìjọba mú kìkì àwọn tọ́rọ̀ kàn, gbogbo ẹni tó bá ti dá irun sí bíi ti dàda ni wọ́n ń kó. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n sì fi tipátipá gé irun tí ẹ̀jẹ́ wọn pẹ̀lú Ọlọ́run kò gbà kí abẹ kàn.

Àárín inúnibíni yìí ni ìlù àti èdè wọn ti wọ inú orin ìgboro. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Prince Buster mú Count Ossie àti àwọn onílù rẹ̀ wá lu ìlù ìjọ́sìn Rasta sí "Oh Carolina", orin àwọn Folkes Brothers. Kì í ṣe Rasta nìkan ló bí rẹ́gè o. Ska àti rocksteady ti wà ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Rasta ló fún un ní ọ̀rọ̀ tó fi ń bá aláṣẹ wí. Bábílónì ni wọ́n ń pe ìjọba tó ń ni wọ́n lára, Síónì sì ni Etiópíà. "Èmi àti èmi" ni wọ́n ń wí dípò "èmi àti ìwọ", nítorí wọ́n gbà pé Ọlọ́run kan náà ló ń gbé inú gbogbo wọn. Bob Marley, Peter Tosh àti Bunny Wailer gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọjá òkun.

Lọ́dún 1981 tí Bob Marley kú, ìjọba Jàmáíkà sìnkú rẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Àmọ́ ọdún 36 tún kọjá kí olóòtú ìjọba, Andrew Holness, tó dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 2017 láti tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ Coral Gardens. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lù ti kú kó tó dìgbà náà.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, nǹkan bí 29,000 ni àwọn Rasta, wọn kò pé méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbò wọn kò lè gbé ẹnikẹ́ni wọlé, bẹ́ẹ̀ orúkọ Bob Marley ń fa àlejò àti owó wọ̀lú. Ìyẹn ni orin fi tètè rí iyì ju àwọn tó ni ín lọ. Àforíjì dára, ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi hàn pé ó ti ọkàn wá ni bí ọlọ́pàá ṣe ń bá Rasta tí kò lórúkọ, tí kò sì mọ orin kọ, lò lójú pópó.