Níbo Lo Ti Ń Bọ̀?

 

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìsìn ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìsìn tiwa kì í tètè parí. Ìkéde là ń ṣe lọ́wọ́ tí gbogbo fóònù inú ilé ìjọsìn fi pariwo lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti ọkọ̀ panápaná. Àwọn ìyá àgbà dìde dúró. Ẹnì kan ké “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” láti ẹ̀yìn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń dán ètò ìkìlọ̀ pàjáwìrì orí fóònù wò. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò fetí sí i. A rẹ́rìn-ín, a pa fóònù, ìkéde ń bá a lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wá bá mi. Ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ńkọ́? Tó bá jẹ́ àrùn ló wọ̀lú, ta ló máa sọ ohun tí kálukú máa ṣe?” Mo dá a lóhùn bí ẹni tó ń kánjú lọ sídìí oúnjẹ: “Ìjọba ni.” Mo délé tán, ìdáhùn yẹn kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n tún un dá lóhùn níbí. Èkó ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2014 wà lára èyí tí wọ́n ṣì ń fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera títí dòní.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, ọkùnrin kan láti Làìbéríà, Patrick Sawyer, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Ó ti gba Lomé ní ilẹ̀ Tógò kọjá. Calabar ló ń lọ fún ìpàdé àjọ ECOWAS. Ara rẹ̀ kò yá rárá; pápákọ̀ òfuurufú níbẹ̀ ló ti ṣubú. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lákòókò yẹn, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Obalende, First Consultants, ni wọ́n gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Wọ́n bi í bóyá ó ti wà nítòsí ẹnikẹ́ni tó ní Ẹ̀bólà. Ó ní rárá. Bẹ́ẹ̀, nínú oṣù Keje yẹn kan náà ni Ẹ̀bólà pa arábìnrin rẹ̀ ní Monrovia.

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Mo máa padà sídìí rẹ̀.

Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ni àgbà dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀bólà kò tíì wọ Nàìjíríà rí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ti tọ́jú rẹ̀ nílùú. Síbẹ̀ ara dókítà yìí fu. Ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí aláìsàn náà má sì jáde. Àwọn kan láti ìjọba Làìbéríà ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó lọ sí ìpàdé rẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ilé ìwòsàn náà kò ní yàrá tí wọ́n kọ́ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn lásán àti àwọn èèyàn tó dúró lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ní. Àyẹ̀wò jáde, Ẹ̀bólà ni. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Dókítà Adadevoh náà kó àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Ìlú tí àrùn ọ̀hún wọ̀ yìí, èèyàn ibẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ dáńfó láti Ọ̀ṣòdì rí, mi ò ní láti ṣàlàyé bí ara ṣe ń kan ara fún yín. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn èèyàn ń dá tíkẹ́ẹ̀tì ìsinmi padà. Ìjọba Nàìjíríà sún ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ síwájú, èyí tó dùn mọ́ àwọn ọmọ kan lọ́hùn-ún, mo mọ̀.

Ní báyìí o, ta ló sọ ohun tí kálukú máa ṣe? Ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà níbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé wà níbẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà dé, àwọn dókítà aláìnílé-ààlà dé, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni náà dé. Olúkúlùkù ló ní owó tirẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ àti ọ̀gá tirẹ̀. Ẹni tó bá ti bá wọn ṣètò ìgbéyàwó méjì ìdílé rí mọ ibi tí irú èyí máa ń já sí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó gbogbo wọn sábẹ́ òrùlé kan, wọ́n pè é ní ibùdó ètò pàjáwìrì Ẹ̀bólà, wọ́n sì fi olùdarí kan ṣoṣo sórí rẹ̀, Dókítà Faisal Shuaib. Àwọn kan ń tọ́jú aláìsàn, àwọn kan ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwọn kan wà ní ẹnubodè àti pápákọ̀, àwọn kan ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, àwọn kan ń wá àwọn tó ti fara kan aláìsàn. Ọ̀dọ̀ olùdarí yẹn ni gbogbo wọn ti ń jíyìn.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Láti ọdún 2012 ni Nàìjíríà ti ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ fún àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àwọn tó ti ń ka ilé kiri, tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó jẹ́ kí wọ́n kán oògùn sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n yí nínú wọn síbi Ẹ̀bólà. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Mi ò ní kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ló dán mọ́rán láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Ibi tí wọ́n fẹ́ yà àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ sí ní Yábàá kò tíì ṣe tán nígbà tí wọ́n kó àwọn ẹni àkọ́kọ́ débẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹlẹgbẹ́ mi sì wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Èèyàn 72 ni orúkọ wọn kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, láti pápákọ̀ àti ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó parí, ó ti di èèyàn 894. Kòkòrò Ẹ̀bólà lè wà lára èèyàn fún ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21 kí àìsàn tó fara hàn, nítorí náà ẹni kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti máa ṣọ́ fún ọjọ́ 21, kí wọ́n máa wọn ìgbóná ara rẹ̀, kí wọ́n máa béèrè bó ṣe jí. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n lọ bá àwọn èèyàn yìí lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Èèyàn 20 ló ní àrùn náà ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn ọjọ́ 42 láìsí aláìsàn tuntun, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò nílẹ̀. Ní Gíní, Làìbéríà àti Sẹ̀rá Líónì, àwọn tó bá àrùn yẹn lọ kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ lé ní 11,000.

Ẹnì kan yọ kúrò lábẹ́ ìṣọ́ nínú àwọn tó wà nínú ìwé yẹn, ó lọ sí Port Harcourt láti gba ìtọ́jú ní ìkọ̀kọ̀. Ara tirẹ̀ yá. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, wọ́n sì ní láti bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ tuntun níbẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò sọ fún ọmọ yẹn, nítorí ó tì mí lójú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2014 yẹn, ní òru, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Èèyàn mẹ́ta ló fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí mi láti ilé: kí a fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, kí a mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ẹ̀bólà kò ní lè wọlé. Èmi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ìgbà pípẹ́, mo kà á, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo yí ojú fóònù dé ilẹ̀, mo padà sùn. Iṣẹ́ àárọ̀ ń dúró dè mí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Àbúrò ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ife méjì ni wọ́n mu. Ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó sọ̀rọ̀ tó já geere. Ọlọ́run yọ wọ́n. Àwọn mìíràn kò bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé omi iyọ̀ yẹn pa èèyàn. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àǹtí mi kì í ṣe ọ̀tá, ọ̀rẹ́ wọn nínú ẹgbẹ́ akọrin ni, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Èmi tí mo mọ òótọ́ ni mo dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin lẹ tètè ń mọ èyí tó jẹ́ irọ́ lórí fóònù jù wá lọ. Bí ẹ bá kàn pa á rẹ́ lórí fóònù tiyín, ìyá àgbà kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ pè wọ́n.

Mo ní mo máa padà sí gbólóhùn kan: “Rárá,” tí ọkùnrin yẹn sọ. Ó rọrùn láti bú u. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà wà níta níbí, mo mọ ìdílé kan tí àwọn tó ń wá olùfarakàn pè lórí fóònù. Wọ́n béèrè àwọn tó wọ ilé wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò wá. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣe ìkómọ lọ́jọ́ Saturday, àwa kan sì rí àwòrán rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde. Ìwé ìgbélùú ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà kò tíì tọ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ohun tí wọ́n bá sọ á dé ibòmíràn. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé àyẹ̀wò àti ìtọ́jú Kòrónà kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àti pé wọn kì í béèrè ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó ṣe é. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò ní England láìmú páásípọ́ọ̀tù dání. Ó yẹ kí a ti sọ ọ́ nínú ìkéde wa, láàárín ìkéde àṣọ ẹbí àti ti ọjọ́ ìkórè.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìdáhùn rẹ nìyí. Ní ilẹ̀ yìí, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ìlera wà, káńsù àdúgbò ní ọ̀gá ìlera ará ìlú tirẹ̀, ilé ìwòsàn ní ètò tiwọn. Wọ́n máa pàdé, wọ́n máa pín iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún wọn nìkan ni wọ́n máa mọ̀. Wọn ò mọ̀ pé màmá tó ń gbé lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù. Wọn ò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa la mọ̀ ọ́n, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a mú ìwé orúkọ ìjọ wa jáde ní 2020, nọ́ńbà ọ̀pọ̀ èèyàn ti yí padà.

Ní ilé tèmi, bébà kan wà lára fíríìjì: orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbogbo wa, oògùn tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń lò àti èyí tí ara rẹ̀ kọ̀, nọ́ńbà dókítà, ẹni tó máa gba àwọn ọmọ bí èmi àti bàbá wọn bá dùbúlẹ̀, ẹni tí wọ́n máa pè ní Ìbàdàn. Àbíkẹ́yìn mi ló kọ ọ́, òun ló sì ń tún un ṣe ní gbogbo oṣù January.

Ní Sunday kejì oṣù tó ń bọ̀, tábìlì kan máa wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn ló máa jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tí ẹ ń gbé ni kí ẹ fún un o, kì í ṣe èyí tí ẹ ti pa láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.